Kí ẹ tó pariwo lé nọ́ọ̀sì lórí: bí a ṣe ń gbé aláìsàn lọ ọsibítù nílẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà òjò èṣí, mo kàn ń sún un síwájú ni. Lóru ọjọ́ kan, bí aago méjì báyìí, màmá mi ò rí èémí mí dáadáa mọ́, a gbé e sínú ọkọ̀ aládùúgbò, a sáré dé ọsibítù ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ, géètì wà ní títì, máígadì ń sùn, nígbà tí wọ́n jàjà ṣí i nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo wọ́ọ̀dù, iná fóònù ẹ̀ ló fi ń wo ojú màmá, ó ní dókítà ò sí nílẹ̀, ọ́kísíjìn náà sì ti tán láti ìjẹta. Mo pariwo. Mo bú u, mo bú gómìnà, mo bú Abuja, mo bú ẹni tó gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin yẹn kàn ń wò mí, ó ní, "Bùrọ̀dá, tẹ́ ẹ bá ti bú mi tán, ẹ pe dẹrẹ́bà yín padà, màmá gbọ́dọ̀ dé Lokoja." Òun náà ló kọ lẹ́tà tí a mú dání, òun ló pe ẹnì kan tó mọ̀ níbẹ̀ pé a ń bọ̀.

Màmá yè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo mú iṣu mẹ́ta lọ bẹ nọ́ọ̀sì yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó fi mí jókòó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn nǹkan tí mo yẹ kí n ti mọ̀ lóru ọjọ́ yẹn fún mi. Ohun tó sọ, àti èyí tí èmi náà ti fi ojú ara mi rí láti ìgbà náà, ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí mo rí i pé gbogbo wa là ń bínú àmọ́ a ò mọ ibi tó yẹ ká da ìbínú ọ̀hún sí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé, nígbà tí ara gbogbo yín ṣì le. Ẹ wá ọ̀rá kan tó nípọn tí omi ò lè wọ̀, ẹ fi gbé káàdì ọsibítù gbogbo ẹni tó wà nínú ilé kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Káàdì yẹn, nọ́ńbà ara ẹ̀ ni wọ́n fi ń wá fáìlì, tó bá sọnù ẹ ó san owó káàdì tuntun, dókítà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bíi pé òun ò rí ẹni náà rí. Ẹ gé pálí oògùn tí àgbàlagbà ń lò lójoojúmọ́, èyí tí orúkọ wà lára ẹ̀, ẹ jù ú sínú ọ̀rá náà. Màmá mi ti ń lo oògùn BP láti bí ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí dókítà Lokoja bi mí pé oògùn wo ni, mo ní "èyí funfun kékeré un." Ojú tì mí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo tún ní funfun. Ẹ kọ ọjọ́ orí, irú ẹ̀jẹ̀, jẹ́nótáìpù àti oògùn tí ara ẹni náà kọ̀ sínú bébà kan, ẹ fi fọ́tókọ́pì NIN sí i. Owó náà ńkọ́? Ẹ fi owó bébà díẹ̀ síbẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yá rà kírẹ́díìtì, nítorí lóru kò sí POS, tó bá sì wà nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa yí lásán, owó á kúrò nínú àkáǹtì yín kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju ọ̀rá lọ ni dẹrẹ́bà. Ámbúláǹsì tí wọ́n kun ní funfun àti pupa tó wà nínú ọgbà ọsibítù, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e títí ẹ ó fi rí i tó ń rìn. Ẹ lọ bá ẹnì kan ládùúgbò tó ní ọkọ̀ tí táyà ẹ̀ dáa, kí ẹ bá a sọ ọ́ lójú mọmọ pé, ọ̀gá, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, ṣé mo lè kanlẹ̀kùn? Èló ni a ó san? Ta ló máa ra epo? Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, kò sí ẹni tó lè fi inú rere nìkan gbé ọkọ̀ dé Lokoja mọ́, ẹ má jẹ́ kó di ìjà lójú aláìsàn. Ìlú kéékèèké tó wà nínú lọ́hùn-ún, bí àwọn ará Bùnú kan tí ọ̀nà wọn ò gba mọ́tò nígbà òjò, ọkadà ni wọ́n á fi gbé e dé títì, ẹnì kan á jókòó sẹ́yìn aláìsàn láti dì í mú. Ẹ wá ọlọ́kadà tí kì í mutí.

Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì. Mo mọ̀ pé tí mo bá ti pè é báyìí àwọn kan á ti fò ó kọjá, ẹ dúró ná. NHIS tí a máa ń gbọ́, ìyẹn ètò ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀, 2005 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló jẹ jù nínú ẹ̀, àwa tó ń roko tó ń tajà kàn ń wò ó ni. Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní 2022 ló sọ ọ́ di NHIA, ó ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìnṣọ́ránsì ìlera, tipátipá. Nínú òfin lèyí o, ní ìlú mi bóyá èèyàn márùn-ún ló ní i. Àmọ́ ìpínlẹ̀ Kogi ní àjọ tiwọn, Kogi State Health Insurance Agency, owó kan tún wà tí òfin ìlera 2014 dá sílẹ̀, ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó wọlé fún ìjọba àpapọ̀, ara ẹ̀ sì wà fún aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, arúgbó àti aláàbọ̀ ara tí kò lówó, pé kí wọ́n gba ìtọ́jú ní hẹ́lìtì sẹ́ńtà láìsan kọ́bọ̀. Ẹ mú NIN yín lọ sí hẹ́lìtì sẹ́ńtà wọ́ọ̀dù yín, lọ́sàn-án, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbà ibẹ̀ pé ṣé ibí yìí wà lára èyí tí owó yẹn ń dé, báwo la ṣe ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ibi tí ẹ forúkọ sí nìkan ni àjọ ìnṣọ́ránsì ń sanwó fún nítorí yín, lóṣooṣù, bóyá ẹ ṣàìsàn àbí ẹ ò ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń lé yín padà tí ẹ bá kàn ya ọsibítù ńlá láìní lẹ́tà àti kóòdù ìyọ̀ǹda láti ibi tí ẹ forúkọ sí. Kì í ṣe ìkà. Bó ti rí nìyẹn, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Ẹni tó bá wà lórí ti òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ rántí pé ẹ ṣì máa san ìdá 10 nínú 100 owó oògùn, kí ẹ má baà rò pé wọ́n ń rẹ́ yín jẹ.

Ó wá kan ibi tí a máa gbé aláìsàn lọ, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Ibà lásán, ìgbẹ́ gbuuru, àbẹ́rẹ́ ọmọ, aboyún tó fẹ́ wọn ara ẹ̀ wò, hẹ́lìtì sẹ́ńtà ni, ẹ má ná owó mọ́tò dànù. Ọmọ tó ń yàgbẹ́, láti ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: omi mímu líítà kan, ṣíbí ìpotíì ṣúgà 6 tó ṣe déédéé, iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìpotíì kan náà, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi débẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí gìrì mú, ẹni tí ẹnu ẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí apá kan ò ṣeé gbé, aboyún tí orí ń fọ́ tí ojú ń ṣú tí ẹsẹ̀ wú, ẹni tó ń da ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ẹni tí èémí ò já gaara, ọsibítù tó ní dókítà ni, ẹ má yà síbì kankan gbàdúrà kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ gbàdúrà nínú ọkọ̀.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ pe fóònù. Èyí ni nọ́ọ̀sì yẹn tẹnu mọ́ jù. Ẹ ní nọ́ńbà ẹnì kan ní ọsibítù kọ̀ọ̀kan tó yí yín ká, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe máígadì, ẹ bi í léèrè nǹkan mẹ́rin: ṣé dókítà wà nílẹ̀ báyìí, ṣé iná wà àbí díísù wà nínú jẹnẹrétọ̀, ṣé ọ́kísíjìn wà, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà. Tí ejò bá ṣán èèyàn lóko, ìbéèrè kan péré ni, ṣé oògùn oró ejò wà, nítorí ibi tó ti ń wà ò pọ̀, kò dẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ máa ti ọsibítù kan bọ́ sí èkejì nígbà tí oró ń rìn. Ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má so ó pa, ẹ kàn fi igi gbè é kó má mì, ẹ bọ́ òrùka ọwọ́ ẹ̀.

Tó bá jẹ́ agbègbè Kabba lẹ wà, ọsibítù ìjọba wà nílùú. Àwọn ará Yàgbà ní ọsibítù ìjọ ECWA tó wà ní Egbe, àwọn mísọ́nnárì SIM ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn bàbá wa ṣì ń pè é ní ọsibítù òyìnbó. Tó bá ti kọjá agbára wọn, Federal Teaching Hospital ní Lokoja, tàbí kẹ́ ẹ gba Omuo lọ sí ti Ido-Ekiti, tàbí kí ará Egbe gba Eruku lọ sí Ìlọrin. Èwo ló yá jù? Ó dọwọ́ ibi tẹ́ ẹ wà àti ọ̀nà. Kabba sí Obajana, bíi kìlómítà 43 tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, ìyẹn dáa, tírélà sìmẹ́ńtì nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn ọ̀nà yòókù, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ sì mọ̀ nípa àwọn ajínigbé, nítorí náà tó bá jẹ́ pé aláìsàn lè dúró di aago mẹ́fà àárọ̀ lábẹ́ ìtọ́jú, ẹ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, ẹ má fi orí ara yín pinnu ẹ̀. Tí wọ́n bá ní kò lè dúró, ẹ pe fijilanté ìlú tó wà níwájú kẹ́ ẹ tó wọ títì.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí tí dókítà ò fi sí nílẹ̀? Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wà ní London. Mínísítà ìlera, Ali Pate, fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ ní 2025 pé àwọn dókítà tó ju 16,000 lọ ló ti kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọdún 5 sí 7. Nǹkan tí wọ́n ń san fún wọn kò tó, àbúlé wa ò níná, ilé dókítà tó wà lẹ́yìn ọsibítù ewúrẹ́ ló ń gbé ibẹ̀. Ní 2001, Abuja níbí gan-an ni àwọn olórí Áfíríkà ti jókòó tí wọ́n ní àwọn á máa ná ìdá 15 nínú 100 bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn sórí ìlera. Àwa tí a gbàlejò wọn, a ò tíì débẹ̀ rí lọ́dún kankan. Ẹ wá wo nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lóru tẹ́ ẹ fẹ́ tìtorí èyí gbá létí.

Ẹ ti dé géètì. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá tó èèyàn mẹ́fà tẹ́ ẹ sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ọ̀sì ò ní gbọ́ èyí tó máa gba ẹ̀mí aláìsàn là nínú ẹ̀. Ẹ kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sístà," kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ tààrà: ọjọ́ orí ẹ̀, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ti mu, kódà tó bá jẹ́ àgbo, ẹ sọ ọ́. Wọ́n lè bínú díẹ̀ nípa àgbo, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san owó sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tó ń kú lọ, òfin wà. Òfin ìlera 2014, abala 20, ó ní kò sí ọsibítù tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun, ẹni tó bá kọ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà yìnbọn fún lójú ọ̀nà náà, òfin 2017 ní kí wọ́n gbà á láìwo ẹnu ọlọ́pàá, ọsibítù fúnra ẹ̀ ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Àmọ́ bí ẹ ó ṣe sọ òfin yìí ló kù. Tẹ́ ẹ bá fi pariwo, wọ́n á ní lọ́yà dé. Èmi, mo máa ń sọ pé, "Sístà, ẹ jọ̀wọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣòfin owó yìí, pàjáwìrì ni, abala 20, ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti wà lọ́nà, ó ń mówó bọ̀." Lẹ́ẹ̀mejì ló ti ṣiṣẹ́ fún mi. Lẹ́ẹ̀kẹta ẹni tó ń gbowó níbẹ̀ ò dá mi lóhùn, ni mo bá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ ọ́ sí ìwé fún mi pé àwọn ò gbà á, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Wọ́n gbà á kíá.

Nínú wọ́ọ̀dù, ẹ ra ìwé kékeré kan. Gbogbo oògùn tí wọ́n fún un, aago tí wọ́n fún un, owó tẹ́ ẹ san, ẹ kọ ọ́, ẹ sì gba risíìtì, owó tí kò ní risíìtì kì í ṣe owó ọsibítù. Oògùn tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ rà níta, ẹ bi wọ́n ní orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan fi sára pálí, nítorí amlodipine tó jẹ́ oògùn BP, amlodipine náà ni, àwọn tó ń ṣe é pọ̀, owó wọn ò sì dọ́gba rárá. Látìgbà tí GSK, ilé iṣẹ́ oògùn òyìnbó un, ti kéde ní August 2023 pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà ni oògùn ikọ́ fée àti áńtíbáyótíìkì kan ti ń fò sókè bí ẹyẹ, ẹ bi fámásísìtì bóyá òmíràn wà tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kẹ́ ẹ padà lọ fi han dókítà kó tó wọ ara. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, tí ibi tí wọ́n ń ha bá wà lára pálí, ẹ ha á, ẹ fi kóòdù rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀. Oògùn inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń gbé kiri ọjà lábẹ́ oòrùn, mi ò sọ nǹkan kan o.

Ẹ dákun, ẹ yé fi dandan bèèrè dríìpù. Èyí máa ń múnú bí mi gan-an. Ẹni tó lè jẹun tó lè mu omi, tí tẹ́ẹ̀sì ibà ẹ̀ jáde, oògùn ẹnu ló máa wò ó, ẹ̀yin ẹ máa ní wọn ò tọ́jú ẹ torí wọn ò fi omi sí i lọ́wọ́, wọ́n á wá fi sí i kẹ́ ẹ lè sinmi ariwo, ẹ ó sì sanwó ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ máa rò. Tí wọ́n bá ní aláìsàn nílò ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fẹ́ kí ẹbí fi tiwọn rọ́pò, ẹ kó ọkùnrin méjì tó sán ṣánṣán wá láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó wá. Ẹ má ra lọ́wọ́ ẹni tó bá yín lábẹ́ igi nínú ọgbà.

Sítráìkì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti lọ, ẹ bèèrè pé ta ló lọ. NARD, àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ sí i nínú ọsibítù ńlá ni, èyí tí wọ́n ṣe ní August 2021 ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ, àmọ́ àwọn dókítà àgbà máa ń wà, pàjáwìrì lè rọ́wọ́ mú. JOHESU, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, lábù, fámásì àti àwọn yòókù ni, tí ìyẹn bá lọ, ọsibítù ìjọba kú pátápátá nìyẹn, ẹ tètè kọjú sí ti mísọ́ọ̀nù tàbí aládàáni.

Tí bílì bá ju agbára yín lọ, ẹ má gbé aláìsàn sá lóru. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní àwọn òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní medical social worker, ẹ bèèrè wọn ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, wọ́n lè bá yín sọ ọ́ kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ sì gba ìwé tó sọ àìsàn tó ṣe é àti oògùn tó ń bá lọ, ó dinú ọ̀rá.

Ìbínú wá ńkọ́, ṣé ká gbé e mì? Rárá o. Ẹ lọ sùn, ẹ jí, ẹ kọ ọ́. Ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, kó má ju ojú ewé kan lọ, ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba àpapọ̀, ẹ fún ọ́fíìsì SERVICOM ibẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú, kẹ́ ẹ fi kọ́pì kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà. Dókítà tó hùwà tí kò yẹ iṣẹ́ ẹ̀, MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, ti nọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tiwọn. Hẹ́lìtì sẹ́ńtà ní ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù tí àwa ará ìlú wà nínú ẹ̀, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń jókòó, ọ̀pọ̀ ìgbà èèyàn mẹ́ta ló ń wá. A kọ lẹ́tà nípa ọ́kísíjìn yẹn, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú buwọ́ lù ú, a mú un lọ sọ́dọ̀ ọba, a fún aṣòfin wa ní kọ́pì lójúkojú nígbà tó wá síbi ìsìnkú kan, gbogbo èèyàn ń wo bó ṣe ń gbà á. Ó gba oṣù mẹ́rin, sìlíńdà méjì dé. Dókítà alẹ́ ò tíì dé, lẹ́tà kejì wà lọ́wọ́ mi báyìí, mò ń wá ẹni tó máa bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rá màmá ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀. Mo fi máákà kọ nọ́ńbà dẹrẹ́bà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà, nítorí màmá ní òun ò ní wá gíláàsì òun nígbà tí èémí ò bá já gaara.